Ọkọ̀ Kì Í Tán L'Ékòó: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Á Gba Ọkọ̀ Sílẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọkọ̀ wíwọ̀, pàápàá ní ìlú Èkó, ọ̀rọ̀ mìíràn ni a máa ń fi rọ́pò rẹ̀. A ó ní, "Ọkọ̀ kì í tán l'Ékòó." Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò. Ṣé òótọ́ ni? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí ni àwọn kan ń wá tí wọ́n fi ń sanwó de ọkọ̀ tí wọn kò tíì wọ̀? Bí ó bá sì jẹ́ irọ́, ìgbà wo ló yẹ kí ènìyàn tètè gba ọkọ̀ sílẹ̀, ìgbà wo ni kò sì yẹ kí ó fi owó rẹ̀ ṣòfò?

Festac Town ni èmi ń gbé, ní agbègbè Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ibẹ̀ ni n ó sì ti fa àpẹẹrẹ mi yọ. Bí a bá ní kí á sọ òótọ́, ìlú tí a kọ́ de àlejò ni Festac. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ gba àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn aláwọ̀ dúdú gbogbo àgbáyé, èyí tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, wọn kò dúró di ìgbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó máa wá ibi tí wọn yóò sùn. Wọ́n ti kọ́ ilé sílẹ̀, wọ́n ti la títì sílẹ̀. Nígbà tí àjọ̀dún parí tí àlejò lọ, ilé wọ̀nyí bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará ìlú, àwa ni a sì ń gbé inú wọn títí di òní. Ṣé ẹ rí i pé ìpalẹ̀mọ́ ni wọ́n fi dá ìlú wa sílẹ̀? Ó wá ṣe ni láàánú pé àwa tí à ń gbé inú rẹ̀ kì í fẹ́ palẹ̀mọ́ ohunkóhun, àfi ti òde àríyá nìkan.

Ní ojú mọmọ, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ọkọ̀ pọ̀ ní Festac. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń lọ, ó ń bọ̀ lórí àwọn títì ńlá wa. Bí ènìyàn bá dé First Gate, àwọn ọmọ ọkọ̀ dánfó yóò máa ké "Mile 2! Mile 2!" bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbé ènìyàn jù sínú ọkọ̀. Bí ó bá dé Mile 2, níbi tí ọ̀nà Àgbádárìgì ti pàdé ọ̀nà Apápá sí Òṣòdì, kò sí apá ibi tí ó fẹ́ lọ nínú Èkó tí kò ní rí ọkọ̀ tí ń lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ọkọ̀ sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ láti Festac lọ sí Agboju, kí ó má sọ pé ọgbọ́n ni òun gbọ́n. Owó ni ó pọ̀ lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú mọmọ kọ́ ni gbogbo ayé. Yorùbá náà ló ní òru ò mẹni ọ̀wọ̀.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà, ní ọdún méjì sẹ́yìn, ni ọ̀rọ̀ yìí di ti ara mi. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mò ń gbé. Ìyàwó wọn wà nínú oyún àkọ́kọ́, oyún náà sì ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ìyá ìyàwó ti ti Ìjẹ̀bú dé láti wá wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ tí Màmá dé gan-an ni wọ́n ti bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè pé:

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ ti bá awakọ̀ kankan sọ̀rọ̀ sílẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Èkó la wà yìí, ọkọ̀ kì í tán l'Ékòó. Ọ̀sán ni o, òru ni o, bí mo bá ti tẹ fóònù mi báyìí, ọkọ̀ á dé iwájú ilé."

Màmá ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù kọ́ ló ń wa ọkọ̀ o, ọmọ mi. Ènìyàn ni."

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí ó ń wa takisí, tí ó máa ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí iwájú ilé rẹ̀ ní alaalẹ́. Màmá ní kí á lọ bá a. Ó ní òun yóò máa sùn pẹ̀lú epo nínú ọkọ̀ àti fóònù ní títàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n kí á fún òun ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀ ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo jíṣẹ́ yìí fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fún kí ni? Ṣé owó oorun ni n ó máa san fún un ni?" Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kú síbẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn èyí ni omi ìyàwó wa dà, ní nǹkan bí aago méjì òru, òjò sì ń rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ fóònù. Awakọ̀ kìíní gbà, à ń wo ọkọ̀ rẹ̀ lójú fóònù bí ó ti ń bọ̀ láti apá Alákijà. Nígbà tó yá, ó yí pa dà, ó ní òun kò wá mọ́. Èkejì kọ́kọ́ béèrè ibi tí à ń lọ, ó wá ní òun kì í wọ inú Festac ní irú àkókò yẹn, nítorí pé gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti ti géètì wọn. Ẹ̀kẹta kò sí. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá sáré nínú òjò lọ sí ilé onítakisí. Ìyàwó rẹ̀ ni ó yọjú lójú fèrèsé, ó ní ọkọ òun ti gbé èrò lọ sí Abẹ́òkúta láti ìrọ̀lẹ́. Bí a bá ti fún un ní owó oorun tí ó béèrè, kò ní lọ. Géètì àdúgbò wa pàápàá wà ní títì; ọdẹ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ fẹ̀yìn ti ibì kan nítorí òjò, ó sì tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí á tó rí i.

Bàbá oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan tí ó ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé wa ni Ọlọ́run fi yọ wá. Ariwo wa ló jí Bàbá. Wọn kò béèrè owó, wọn kò béèrè ibi tí à ń lọ. Wọ́n kàn ní, "Ẹ gbé e wá." Ilé ìwòsàn tí ìyàwó wa ti gba káàdì kọjá Mile 2 dáadáa. Ẹ̀yin ènìyàn mi, a kò débẹ̀. Abẹ́ afárá Mile 2 ni ọmọ ti dé. Bàbá dá kẹ̀kẹ́ dúró, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n na tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, Màmá sì fi ìró ìdí wọn gba ọmọ. Ọmọ ké. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dúró lára ìyá rẹ̀, nígbà tí a ó sì fi dé ilé ìwòsàn, kò lè dá wa lóhùn mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ó bọ́ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí àlejò ti lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni mo ṣọ́. Owó ẹ̀jẹ̀ tí a rà nìkan ju ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ lọ." Ìgbẹ̀yìn ló ń yé olókùúàdá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ "ọkọ̀ kì í tán l'Ékòó" yìí. Mo wá rí i pé kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò pé ni. Ọkọ̀ kì í tán l'Ékòó gẹ́gẹ́ bí omi kì í ti í tán nínú ọ̀sà. Àmọ́ ta ni òùngbẹ ń gbẹ tí yóò bu omi ọ̀sà mu? Ohun tí ó wà lọ́tọ̀, ohun tí ọwọ́ ẹni lè tó ní wákàtí tí a nílò rẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń rí lọ́sàn-án ní Mile 2 kì í ṣe ẹ̀rí pé a ó rí ọ̀kan ṣoṣo ní aago méjì òru nínú òjò.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí mò ń sọ ni pé kí á máa gba ọkọ̀ sílẹ̀ de ohun gbogbo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kejì, èyí tí ojú púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ṣe. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń lọ sí Àgbádárìgì láti lọ wo àwọn ibi tí wọ́n kó ẹrú sí láyé òwò ẹrú, àwa ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò pinnu pé a ó gba bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ìpinnu náà dára, nítorí pé ogójì ènìyàn kò lè máa já ara wọn gbà sínú dánfó ní ojú títì. Ibi tí a ti ṣìṣe ni pé a san gbogbo owó náà tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, fún awakọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ilé rẹ̀, kìkì nítorí pé ó bu owó díẹ̀ kúrò fún wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, a dúró láti aago mẹ́fà títí di aago mẹ́sàn-án. Awakọ̀ kò yọjú, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Níkẹyìn, dánfó mẹ́ta tí a rí ní ojú títì ni a kó wọ̀, a sì tún dáwó lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ kò tán l'Ékòó lóòótọ́. Owó wa ló tán.

Ìtàn méjèèjì yìí kọ́ mi pé kì í ṣe gbígbà sílẹ̀ tàbí àìgbà sílẹ̀ ni ọgbọ́n. Ọgbọ́n ni kí ènìyàn mọ ohun tí yóò bi ara rẹ̀ léèrè. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo rò pé ó tó.

Ìbéèrè kìíní ni pé: bí mo bá pẹ́, kí ni yóò bàjẹ́? Bí ó bá jẹ́ pé ìbínú ọ̀rẹ́ nìkan ni, ẹ jẹ́ kí á lọ dúró ní First Gate bí gbogbo ayé. Ọ̀rẹ́ yóò bínú, yóò sì rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀mí, bí ó bá jẹ́ ìdánwò tí a kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì, bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, èyí kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń gbẹ́kẹ̀ lé oríire. Ìdánwò kì í dúró de ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú, ọmọ inú kì í sì í dúró de ọkọ̀.

Ìbéèrè kejì ni pé: bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá kùnà, ṣé èkejì wà? Èyí ni ó ya ọ̀sán sọ́tọ̀ sí òru, tí ó sì ya ọjọ́ lásán sọ́tọ̀ sí ọjọ́ ọdún. Ẹ wo àwọn aládùúgbò wa ọmọ Ìgbò. Tí oṣù Kejìlá bá ti ń wọlé, wọn kì í dúró di ọ̀la ọdún kí wọ́n tó lọ sí àwọn gáréèjì Mazamaza. Wọ́n mọ̀ pé gbogbo èrò ìlà-oòrùn ni yóò fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, pé owó ọkọ̀ yóò fò sókè, àti pé ẹni tí kò bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lè sun gáréèjì. Àwọn ènìyàn kan náà yìí kì í gba ọkọ̀ sílẹ̀ láti Festac lọ sí ọjà Alábà, nítorí pé bí kẹ̀kẹ́ kan bá kọjá, òmíràn ń bọ̀. Wọ́n mọ ìgbà, wọ́n mọ àkókò.

Ìbéèrè kẹta ni pé: èèyàn mélòó ni wá, kí sì ni ẹrù wa? Ẹnìkan ṣoṣo tí kò gbé nǹkan lọ́wọ́ lè rá pálá sínú ọkọ̀ èyíkéyìí. Àmọ́ arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn, abirùn, ìyàwó ilé pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́ta, tàbí ogójì akẹ́kọ̀ọ́, ọkọ̀ ojú títì kò rí ti wọn rò. Ọmọ ọkọ̀ yóò máa pariwo pé kí wọ́n wọlé kíákíá pẹ̀lú ṣéńjì lọ́wọ́, nígbà tí wọn yóò bá sì gbé ẹsẹ̀ kan, ọkọ̀ ti lọ.

Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá le, kí á gba ọkọ̀ sílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá rọ̀, kí á fi owó wa sápò. Bí a bá sì fẹ́ gbà á, ó ní bí a ti ń gbà á. Ẹni tí a mọ ilé rẹ̀ ni kí á bá ṣe àdéhùn, kí ó má jẹ́ ẹni tí ó kàn ń ta ọjà pọ́ọ́kú. Àsansílẹ̀ díẹ̀ ni kí á fi mú un, kí ìyókù dúró di ìgbà tí a bá gúnlẹ̀. Kí á sọ iye owó, wákàtí àti ibi tí à ń lọ ní gbangba, kí ẹnì kẹta sì gbọ́. Kí á pè é ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà. Kí á sì ní orúkọ ẹnì kejì lápò, nítorí pé awakọ̀ náà, ènìyàn ni. Àìsàn lè dá a dúró, táyà sì lè bẹ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, "Ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìyí. Ta ló rí owó ọkọ̀ ọ̀la kí ó tó máa sanwó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?" N kò fojú tín-ínrín ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, gbogbo wa la mọ bí owó ọkọ̀ ti gun òkè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rò ó dáadáa. Olówó ní ọkọ̀ nínú ọgbà rẹ̀. Ọkọ̀ tirẹ̀ wà ní gbígbà sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ ni òru máa ń ká mọ́ ọ̀nà. Nítorí náà, mẹ̀kúnnù gan-an ni ó nílò ìpalẹ̀mọ́ jù.

Bí owó kò bá sì tó ẹnì kan, àwọn baba wa ti fi ọ̀nà hàn wá. Kí ni èésú? Kí ni àáró? Ohun tí ọwọ́ ẹnì kan kò ká, àjọṣe ni wọ́n fi ń ká a. Ní àdúgbò tiwa, ilé bí ọgbọ̀n ló wà nínú géètì kan. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ń dá ẹgbẹ̀rún kan náírà lóṣù, a ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n tí a lè pín fún àwọn awakọ̀ àdúgbò bíi mẹ́rin, kí wọ́n máa fi òru ṣọ́ ara wọn lẹ́sẹẹsẹ: ẹni tí òru òní bá kàn, kí epo wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, kí fóònù rẹ̀ sì máa tàn. Kí á kọ orúkọ wọn mọ́ ara géètì, kí á sì kọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ géètì ń sùn pẹ̀lú. Kí á kọ nọ́ńbà pàjáwìrì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, 767 tàbí 112, síbẹ̀. À ń dáwó fún ọdẹ tí yóò lé olè lọ; kí ló dé tí a kò lè dáwó fún ọkọ̀ tí yóò gbé aboyún lọ? Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé àdúgbò wa. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní olè ni àwọn mọ̀, àwọn kò mọ aboyún. Mo sì ń tún un gbé lọ.

Ìjọba náà ní ti tirẹ̀ níbẹ̀. Ìdí tí a fi ń ronú ọkọ̀ gbígbà sílẹ̀ rárá ni pé ọkọ̀ wa kò ní àkókò. Dánfó kì í lọ nígbà tí aago bá lù; ìgbà tí ó bá kún ni ó ń lọ. Bí mo bá rò ó, àkókò ìrìnnà tí a kọ sílẹ̀ tí a sì ń pa mọ́ ni ọkọ̀ gbígbà sílẹ̀ ti mẹ̀kúnnù: ìjọba ti bá gbogbo ènìyàn gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gómìnà Lateef Jakande rí èyí láti ìgbà pípẹ́. Ọdún 1983 ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin inú Èkó, ṣùgbọ́n ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari fagi lé e ní ọdún 1985. Ọkùnrin kan náà yìí, nígbà tí ó di ààrẹ alágbádá, ni ó wá ṣí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2023, tí èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ìpín kìíní, tí ó tó kìlómítà 13, bẹ̀rẹ̀ láti Marina, ó sì parí sí Mile 2, ní ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ìpín kejì ni yóò gba iwájú Festac kọjá lọ sí Okokomaiko. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ yìí rí yóò mọ bí ọkàn ti ń balẹ̀ tó, nítorí pé bí àkókò bá ti tó, yóò lọ, ì báà kún, ì báà má kún. Ẹni tó ń lọ sí Marina kò nílò láti gba ọkọ̀ sílẹ̀. Àmọ́ láti inú ilé dé Mile 2, àti ní òru, a ṣì wà lọ́wọ́ oríire.

Àpẹẹrẹ mìíràn tún wà lẹ́bàá wa. Ẹ rántí ọdún tí àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté Apápá àti Tin Can tò sí ojú títì láti Mile 2 lọ, tí ọ̀pọ̀ wọn ń sun orí afárá fún ọjọ́ púpọ̀, tí ará Festac kò sì rí ọ̀nà jáde. Olúkúlùkù awakọ̀ ló ń wá dúró, kí ó lè jẹ́ òun ni yóò kàn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021, àjọ tó ń ṣàkóso èbúté bẹ̀rẹ̀ ìlànà tuntun: kí tírélà dúró sí ibùdókọ̀ rẹ̀, kí ó gba àyè sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí ó sì jáde nígbà tí a bá pè é. Ẹ wá gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ìlànà náà: Ètò. Èdè wa ni! Kò pa gbogbo ìṣòro rẹ́, nítorí pé ibi tí àyè bá ti ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ń fi àyè ṣòwò kì í jìnnà. Síbẹ̀, ó fi hàn wá pé ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá ń du ọ̀nà tóóró kan, bí wọn kò bá to ara wọn, gbogbo wọn ni yóò há. Bí tírélà bá lè kọ́ ètò, kí ni ó ń ṣe àwa ọmọ ènìyàn?

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ orúkọ kádìí rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé èdè àti àṣà Yorùbá ni ẹgbẹ́ wa dá lé. Orúkọ tí a sọ ọmọ tí a bí lábẹ́ afárá náà ni Abíọ́nà. Àmútọ̀runwá ni orúkọ yìí. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ọ̀nà oko jìn, ọ̀nà ọjà jìn, àti pé ọmọ lè dé bá ìyá rẹ̀ níbi tí kò sí ilé. Wọn kò ní ọkọ̀, wọn kò ní fóònù, ṣùgbọ́n wọ́n ti pèsè orúkọ sílẹ̀ de ọmọ náà. Bí àwọn bá lè pèsè orúkọ sílẹ̀, àwa lè pèsè ọkọ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn Abíọ́nà wa púpọ̀. Ó ti ń sáré káàkiri ilé, ó sì ń fa ìwé mi ya. Ṣùgbọ́n mo gbàdúrà pé kí ó jẹ́ òun ni Abíọ́nà ìkẹyìn ní àdúgbò wa.

Ọ̀nà kò ní nà wá o. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odidi.